Bí Mo Ṣe Ní Kí A Yọ Tíṣà Ràjí Kúrò Nínú Ìwé

Iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ ni mò ń ṣe nílùú òyìnbó, ní ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Òun ni iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí, òun náà ni mo ṣì ń ṣe. Ẹ̀rọ ńlá mẹ́rin ló ń fọ aṣọ. Tèmi àti ti Kárólì, òyìnbó obìnrin tó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé, ni ká kó o wọlé, ká kó o jáde, ká ká a. Wọ́n máa ń rán orúkọ ẹni tó ni aṣọ mọ́ ọrùn rẹ̀ nínú, kí aṣọ ẹnì kan má baà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí arúgbó kan bá kú tí ẹbí rẹ̀ kò wá gba ẹrù, a óò tú orúkọ náà kúrò kí a tó kó aṣọ fún àwọn tó máa fi tọrẹ. Abẹ tín-ín-rín kan wà tí a fi ń ṣe é. Ọ̀sẹ̀ kejì mi ni Kárólì kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń tú orúkọ tí aṣọ kò fi ní ya. Ó ní ọwọ́ mi dára fún un.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé òtútù ló ń kọ́kọ́ dẹ́rù ba èèyàn níhìn-ín. Wọ́n ti sọ tìyẹn fún mi nílé, mo sì ti ra kóòtù òkìrìkà ní Benson ní Ìkòròdú kí n tó gbéra. Kóòtù tó ti ìlú òyìnbó wá ni, èmi ni mo tún gbé e padà wá fún wọn. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé ẹnikẹ́ni kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi. Mo kí ọkùnrin tó ń gbé yàrá òdìkejì tèmi láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Nígbà tó rí i pé òun ni, ó mi orí, ó sì yára wọlé bí ẹni tí mo fẹ́ yá nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Ìgbògbò tí wọ́n bí mi sí, èèyàn ò lè ti ẹnu ọ̀nà ilé wa dé ibi tí kẹ̀kẹ́ márúwá ń dúró sí kó má dáhùn ìbéèrè mẹ́wàá. Ṣé ìyá rẹ sùn dáadáa? Níbo lò ń lọ? Kí ló dé tó o rù báyìí? Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà náà, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo sì máa ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde kí n má baà kí ẹnikẹ́ni. Mo máa ń rántí ẹ̀yìnkùlé yẹn báyìí, ojú a sì tì mí.

Ohun tó gbà mí lọ́wọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọdún àkọ́kọ́ yẹn ni ìkànnì Tíṣà Ràjí.

Tíṣà Ràjí ló kọ́ wa ní jọ́gíráfì nílé-ìwé girama ní Ìkòròdú. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n, láti inú ọ̀kan lára àwọn ìdílé tí baba ńlá wọn sá fún ogun wá láti Èkó. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ń gba ọ̀nà Ìtọ́ìkín wá, tí eruku ọ̀nà á ti kún orí fìlà wọn. Tíṣà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ lásán ní kíláàsì. Bí o bá ní ọkọ̀ rì ní Èbúté, ìbéèrè mẹ́ta ló ń dúró dè ọ́: Ta ló sọ ọ́? Báwo ló ṣe mọ̀? Ta ló tún rí i? Bí o kò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, o jókòó. Mo jókòó lọ́pọ̀ ìgbà.

Nígbà tí Tíṣà fẹ̀yìn tì, wọ́n padà sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì dá ìkànnì kan sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pè ní Èbúté Lónìí. Kò sí àwòrán olówó iyebíye níbẹ̀, kò sí ìpolówó. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ ìlà mélòó kan síbẹ̀: bí omi ṣe rí, bóyá ojúoró ti dí ọ̀nà ọkọ̀, irú ẹja tó wọ ọjà Olúwo, ẹni tó bímọ, ẹni tó kú, ìrun tí wọ́n máa kí kí wọ́n tó sin ín. Wọn kì í kọ nǹkan tí wọn ò bá tíì bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn lórí rẹ̀. Láti ìgbà tí ojú Tíṣà ti ń ṣe bàìbàì, ohùn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi, Sìdí, tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Benson. Òun ló ń tẹ̀ ẹ́ tó sì ń gbé e síta. Láàárọ̀, kí n tó wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, màá ka ìròyìn Tíṣà nínú fóònù mi. Mo máa ń mọ̀ pé akàn pọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ kí n tó mọ̀ bóyá òjò ń rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi.

Ní ọjọ́ ìsinmi, ilé ìkàwé àdúgbò ni mo máa ń lọ, nítorí pé ibẹ̀ móoru, wọn kì í sì í lé èèyàn. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìwé ìmọ̀ ńlá kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí, tí ẹnikẹ́ni sì lè tún un ṣe. Mo wo ohun tí wọ́n kọ nípa Ìkòròdú. Ẹnì kan ti kọ Ìgbògbò síbẹ̀ bí ìletò àwọn apẹja létí òkun. Létí òkun kẹ̀! Ọ̀sà ló wà lọ́dọ̀ wa. Mo tún un ṣe, mo fi ìwé tó jẹ́rìí sí i tì í lẹ́yìn. Ní ọjọ́ kejì, ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí kọ̀wé sí mi pé mo ṣeun, pé àlàyé mi yè kooro. Mo ka ìlà kan ṣoṣo yẹn lákàtúnkà. Oṣù kẹsàn-án mi rèé níhìn-ín, kò sì tíì sí ẹni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún ohun tí mo mọ̀. Aṣọ tí mo ká ni wọ́n ń dúpẹ́ fún.

Bí mo ṣe bọ́ sínú iṣẹ́ ìwé ìmọ̀ náà nìyẹn. Ìnagijẹ ni kálukú fi ń kọ̀wé níbẹ̀. Mo pe ara mi ní Ìtọ́ìkín. Lọ́dọ̀ wọn, mi ò kì í ṣe alágbàfọ̀, mi ò kì í ṣe àlejò, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ bí mo ṣe ń fa ohùn tí mo bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìtọ́ìkín ni mí, olóòtú tó mọ ohun tó ń sọ.

Nígbà tó yá, mo bọ́ sáàárín àwọn tó ń dájọ́. Ojoojúmọ́ ni àwọn èèyàn ń kọ ojú ìwé nípa àwọn gbajúmọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì: ọkùnrin tó ń fi aṣọ ìyá rẹ̀ ṣe àwàdà, ọmọbìnrin tó ń jó níwájú fóònù, ẹni tó ń jẹ ata lójú gbogbo ayé, ìkànnì tó ń ṣe òfófó bọ́ọ̀lù. Tiwa ni láti pinnu èyí tó yẹ kó wà nínú ìwé. Òfin rẹ̀ kò le. Kò kàn wá bí èèyàn ṣe dára tó tàbí bí àwọn tó ń wò ó ṣe pọ̀ tó. Ohun tí à ń béèrè ni pé, ta ló ti jókòó kọ̀wé nípa rẹ̀, tí kì í ṣe òun fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí kì í sì í ṣe ẹni tó bẹ̀ lọ́wẹ̀? Bí a kò bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, a óò fi ọjọ́ méje jiyàn lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà a óò yọ ọ́.

Ó yẹ kí n sọ òtítọ́: mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń sọ fún mi níbi gbogbo pé ìwé mi kò pé, pé sáà ìkọ́ni mi nílé kò ní iye lórí lọ́dọ̀ wọn, pé kí n padà wá lọ́la. Ní ilé ìkàwé yẹn, èmi ni mo ń sọ fún ẹlòmíràn pé ìwé rẹ̀ kò pé. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ni mo sì máa ń le mọ́ jù, kí òyìnbó má baà ní mò ń gbè sẹ́yìn àwọn èèyàn mi. Bí aláwàdà kan bá ti Ajégúnlẹ̀ wá, màá yẹ ìwé rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn olóòtú yòókù máa ń yìn mí pé mi ò kì í ṣojúsàájú. Ìyìn yẹn máa ń dùn mọ́ mi.

Ọjọ́ Àìkú kan ni Sìdí pè mí, ohùn rẹ̀ kún fún ẹ̀rín.

"Àǹtí mi, ẹ kú òtútù o. Mo ní nǹkan ìyanu kan tí mo fẹ́ sọ fún yín."

"Ṣé o fẹ́ ṣègbéyàwó ni?"

"Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀! Rárá o. Mo ti gbé Tíṣà sínú ìwé ìmọ̀ tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn. Èmi ni mo kọ ọ́. Tíṣà àti Èbúté Lónìí, gbogbo ẹ̀ ni mo kọ. Bí ojú wọn ṣe rí yìí, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọn ò ní lè ṣe é mọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé iṣẹ́ wọn ò ní parun. Mo lọ sí Ẹ̀pẹ́ lánàá, mo kà á sí wọn létí, Àǹtí. Wọ́n kàn yọ fìlà, wọ́n sì gbé e lé itan."

Sìdí ò mọ̀ pé mò ń ṣe iṣẹ́ náà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Bí mo bá sọ ọ́, kò ní ṣàìsí ẹni tó máa ní kí n fi pásítọ̀ òun tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n òun síbẹ̀. Mo kí i pé ó kú iṣẹ́. Mo ti mọ ohun tí òfin wa máa sọ nípa ojú ìwé náà.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí olóòtú kan tí a jọ máa ń dájọ́ fi fa ojú ìwé náà síta pé kí a yọ ọ́. Ó kọ̀wé sí mi ní tààrà: "Ìtọ́ìkín, ìwọ lo mọ agbègbè yẹn jù wá lọ. Bá wa wò ó."

Mo lo odindi ọ̀sán kan lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo wá gbogbo ibi tí wọ́n ti lè dárúkọ Tíṣà. Ohun tí mo rí dùn mí gan-an. Àwọn ìwé ìròyìn ti kó ìròyìn Tíṣà lọ lóríṣiríṣi: ọkọ̀ tó dànù, ìkún omi, ọba tó wàjà. Mo dá ọ̀rọ̀ Tíṣà mọ̀ nínú wọn bí mo ṣe dá ohùn ìyá mi mọ̀. Wọn ò dárúkọ Tíṣà níbì kankan. Wọ́n kàn kọ ọ́ pé "gẹ́gẹ́ bí àwọn ará àdúgbò ṣe sọ." Ọ̀kan ṣoṣo ló dárúkọ, ó sì pe Tíṣà Ràjí ní Tíṣà Ràmá.

Bó ṣe wà nínú òfin, kò sí ẹ̀rí. Mo lè sọ pé mo mọ Tíṣà, pé àbúrò mi ló kọ ojú ìwé náà, kí n sì yẹ̀ kúrò níbẹ̀. Òfin gbà bẹ́ẹ̀, ó tiẹ̀ pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á mọ̀ pé èmi náà jẹ́ ọmọ ẹnì kan, akẹ́kọ̀ọ́ ẹnì kan, pé mo lè ṣojúsàájú bíi ti gbogbo èèyàn. Ibì kan ṣoṣo tí mo ti níyì nílùú yìí ni, ẹ̀rù sì bà mí pé ó máa bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo jókòó, mo sì kọ àlàyé gígùn, tó já gaara. Ta ló sọ ọ́ pé ìkànnì yìí ṣe pàtàkì? Ẹni tó ni ín. Báwo ló ṣe mọ̀? Tirẹ̀ ni. Ta ló tún rí i tó sì kọ ọ́ sílẹ̀? Kò sí. Nísàlẹ̀ rẹ̀, mo kọ ọ́ pé kí a yọ ọ́.

Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu títí di òní nìyẹn. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń tú orúkọ.

Àkókò ìsinmi níbi iṣẹ́ ni Sìdí tún pè. Mo jókòó sórí agbọ̀n aṣọ kan, Kárólì ń mu tíì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹkún ni Sìdí ń sun.

"Àǹtí, wọ́n fẹ́ dìlíìtì Tíṣà! Ẹnì kan ló ń ṣe é. Ó ń pe ara ẹ̀ ní Ìtọ́ìkín. Ẹ gbọ́, Ìtọ́ìkín! Ọmọ wa ni. Ọmọ apá ibí ló jókòó tó ń kọ irú nǹkan báyẹn sí bàbá tó kọ́ gbogbo Ìkòròdú níwèé."

"Sìdí, fara balẹ̀."

"Ọkàn burúkú ni. Ṣùgbọ́n ìlú òyìnbó lẹ wà, ẹ lè mọ bí wọ́n ṣe ń rí wọn. Àǹtí mi, ẹ bá wa bẹ ẹni náà. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ fún un pé kó fojú fò ó."

Mo gbé fóònù kúrò létí díẹ̀. Kárólì béèrè bóyá ẹnì kan kú nílé. Mo ní rárá. Mo gbé fóònù padà, mo sì sọ fún àbúrò mi pé ohun tí wọ́n nílò ni kí ẹni tí kò mọ Tíṣà rí kọ̀wé nípa wọn.

"Ẹni tí ò mọ̀ wọ́n? Báwo ni ẹni tí ò mọ̀ wọ́n á ṣe mọ nǹkan tó máa kọ?"

Mo ní bí òfin wọn ṣe wí nìyẹn. Ó ní kò burú, òun ti mọ ohun tí òun máa ṣe.

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Níbi tí a ti wá, bí wọ́n bá fẹ́ fi ìyà jẹ ẹnì kan, kì í ṣe ẹ̀rí ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ń kó wá. Èèyàn ni wọ́n ń kó wá. Ẹ ó pe àgbà àdúgbò, ẹ ó pe ìyá tó tọ́ ọ, ẹ ó pe ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ lọ sílé kéwú, gbogbo yín á rọ́ lọ síwájú ẹni tí inú ń bí, ẹ ó sì kúnlẹ̀. Bí ẹ bá ṣe pọ̀ tó ni ọ̀rọ̀ yín ṣe máa wúwo tó. Àgbà tó bá rí ogún èèyàn lórí ìkúnlẹ̀ nítorí ẹnì kan, tí kò sì rọ̀, aráyé á ní ìkà ni. Sìdí fi ọ̀rọ̀ náà sínú gúrúùpù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ lórí fóònù, pẹ̀lú ọ̀nà téèyàn lè gbà débẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan, wọ́n ti dé.

Wọ́n lé ní ọgọ́ta. Awakọ̀, nọ́ọ̀sì, alága ẹgbẹ́ kan, ìyálọ́jà kan, lọ́yà méjì. Wọ́n ya bo ibi tí à ń gbà jiyàn nípa òfin, wọ́n sì ń bẹ̀bẹ̀. "Ẹ̀yin àgbà, a dọ̀bálẹ̀ gbọrangandan, ẹ má yọ bàbá wa." "Wọ́n nà mí ní kíláàsì kẹta, ìnà yẹn ló sọ mí dèèyàn, ẹ ṣàánú." "Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níhìn-ín pẹ̀lú àwọn ọmọ mi." "Bí ẹ bá yọ wọ́n, gbogbo wa lẹ yọ." Mo mọ lára àwọn orúkọ náà. A ti jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà rí.

Olóòtú tó fa ojú ìwé náà síta kọ̀wé sí mi pé kí n jọ̀wọ́ túmọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ fún òun.

"Wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ ni," mo dá a lóhùn.

"Kí ni wọ́n ṣe?" ló béèrè.

Mo ní wọn ò ṣe nǹkan kan.

Nínú òfin ìwé ìmọ̀ náà, èrú ni kéèyàn kó èrò wá gbè sẹ́yìn ọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i ni ọ̀ràn Tíṣà ń burú sí i. Olóòtú kan fa ìlà sí gbogbo ẹ̀bẹ̀ náà lójú pé a kò ní kà wọ́n, láti orí èyí àkọ́kọ́ títí dé orí èyí tó kẹ́yìn. Mo rí i bó ṣe ń fà á. Nígbà tí ọjọ́ méje pé, a yọ Tíṣà kúrò. Ìdí tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni "nítorí àlàyé Ìtọ́ìkín." Ẹnì kan tún kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé mo ṣeun, pé àlàyé mi yè kooro.

Ó rẹ̀ mí lọ́sẹ̀ yẹn. Kì í ṣe àárẹ̀ iṣẹ́, mo mọ ti iṣẹ́. Mo máa ń jí, màá wo fóònù, mi ò sì lè ṣí Èbúté Lónìí. Mi ò tún mọ ibi tí omi dé. Àwọn kan máa ń sọ pé ọjọ́ tí ìwé ìgbélùú bá tẹ èèyàn lọ́wọ́ ló di ará ìlú òyìnbó. Lójú tèmi, ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ilé sílẹ̀ ní tòótọ́, tí mo jókòó nínú ilé ìkàwé tó móoru, tí mo sì sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó tọ́ mi sọ́nà bí ẹni tí mi ò rí rí.

Ọ̀sán Ọjọ́rú tí mi ò lọ síbi iṣẹ́, fóònù mi dún. Nọ́ńbà Tíṣà ni. Mo dìde dúró kí n tó gbé e, bí ìgbà tí wọ́n bá wọ kíláàsì.

"Ẹ káàsán, sà."

"Ìtọ́ìkín," ni Tíṣà wí.

"Sà?" ni mo wí.

"Mo ní Ìtọ́ìkín. Àbí ìwọ kọ́ ni?"

"Èmi ni, sà."

"Sìdí ló kà á sí mi létí. Ó ń kà á, ó ń sunkún, ó sì ń ṣẹ́ èpè fún ẹni tó kọ ọ́. Mo ní kó má ṣẹ́ èpè mọ́. Mi ò sọ ìdí ẹ̀ fún un." Tíṣà wúkọ́. "Ìbéèrè mẹ́ta mi lo bi mí. Lẹ́sẹẹsẹ. O ò tiẹ̀ yí i padà, bẹ́ẹ̀ ni o ò sí lára àwọn tó wá bẹ̀ wọ́n."

"Ẹ dákun, sà, ẹ má bínú..."

"Dúró ná, mo fẹ́ máàkì ẹ̀. Àlàyé dára. Gírámà dára. O ò parọ́ kankan mọ́ mi, lóòótọ́ lẹnikẹ́ni ò kọ̀wé nípa mi. Bí èmi náà bá jókòó síbẹ̀, bóyá màá yọ ara mi. Mo fún ẹ ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá."

Omi ti ń bọ́ lójú mi.

"O ò ní béèrè ibi tí méjì yòókù lọ?"

"Níbo ló lọ, sà?"

"Mo ní kí Sìdí ka gbogbo òfin wọn fún mi. Ọjọ́ méjì ló fi kà á. Wọ́n ní ẹni tó bá mọ ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ pé òun mọ̀ ọ́n. O kọ̀wé gígùn nípa mi, ọmọ mi. O ò sọ níbì kankan pé o mọ̀ mí."

Ohùn wọn kò le. Ìyẹn ló pa mí. Bí wọ́n bá bú mi ni, ara ì bá tù mí. Mo ní kí wọ́n forí jì mí, ẹkún ò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Tíṣà jẹ́ kí n sunkún tó. Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè bóyá mo ti jẹun, wọ́n sì béèrè bí ojú ọjọ́ ṣe rí lọ́dọ̀ mi. Mo ní òjò ń rọ̀. Wọ́n béèrè bóyá mo rí i fúnra mi àbí ẹnì kan ló sọ fún mi. Mo lọ sójú fèrèsé, mo wò ó, mo ní mo rí i fúnra mi.

"Ó dáa," ni Tíṣà wí, wọ́n sì pa fóònù.

Mo lọ sí ilé ìkàwé. Iyàn tí a ti parí, òfin ti tì í pa, ẹnikẹ́ni kò lè fi nǹkan kún un mọ́. Ojú ìwé tí olóòtú kọ̀ọ̀kan fi ń ṣàlàyé ara rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù fún mi, èyí tí mo ti fi sílẹ̀ lófìfo láti ọjọ́ yìí wá. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: mo mọ Tíṣà Ràjí ti Ẹ̀pẹ́. Wọ́n kọ́ mi. Àbúrò mi ló kọ̀wé nípa wọn, èmi ni mo sì ní kí a yọ ọ́, láìsọ pé mo mọ̀ wọ́n. Kò pẹ́ tí olóòtú kan fi kọ̀wé pé inú òun bàjẹ́, pé òun rò pé mi ò kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo pe Sìdí. Mo sọ ọ́ fún un láì fi igbá kan bọ̀kan nínú.

Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń dún lẹ́yìn rẹ̀, mo ń gbọ́ ẹnì kan tó ń pariwo Ṣágámù, Ṣágámù lójú títì.

"Ẹ̀yin náà ni?" ni gbogbo ohun tó sọ. Ó sì gé fóònù náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró síbi tí mo ti ń wọ ọkọ̀, mo sì ṣí Èbúté Lónìí fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ìròyìn ọjọ́ náà ti wà níbẹ̀:

"Ọkọ̀ àárọ̀ gbéra lásìkò. Omi ń ru díẹ̀. Akàn pọ̀, ẹja kò pọ̀. Wọ́n sọ ọmọ Mùsílíù awakọ̀ ojú omi lórúkọ lánàá, ìyá àti ọmọ wà ní àlàáfíà. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan tó ń gbé nílùú òyìnbó bá wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó rí i fúnra rẹ̀. Ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kí n sọ ọ́ ní gbangba pé mo mọ̀ ọ́n."

Nísàlẹ̀ rẹ̀, ìlà kékeré kan tún wà, tí ojú Tíṣà kò lè rí:

"Ẹni tó tẹ ìròyìn yìí náà mọ̀ ọ́n."